Ẹlẹ́yẹlé ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀: ṣé yunifásítì tuntun náà lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àyálò?

ỌmọÒkèÀdó béèrè:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ẹ bá wa dá sí i. Ìlú wa ń béèrè yunifásítì lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kùn lọ́dà, kí wọ́n fi ṣe ibùdó fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ní àbùkù ni, pé yunifásítì kì í bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì girama. Àwọn kejì ní kí wọ́n dákẹ́, ṣebí Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn sójà ní Ẹlẹ́yẹlé ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ibẹ̀ sì ni Achebe ti wọlé. Èwo ló tọ̀nà? Kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe dá Ìbàdàn sílẹ̀ tò ó fún wa lẹ́sẹẹsẹ. Kí ẹ sì bá wa yanjú èkejì: 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ni, àbí 1962? Ẹnì kan ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò sí yunifásítì kankan ní Ìbàdàn kí ó tó di 1962.

———

ÀgbàAkọ̀wé:

Òótọ́ ni ti Ẹlẹ́yẹlé. Ọgbà tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn àwọn sójà nígbà ogun Hítílà ni. Wọ́ọ̀dù aláìsàn ni wọ́n sọ di yàrá ìgbé àti kíláàsì. Ṣùgbọ́n ilé nìkan ni àwọn tó ń fi í ṣe ẹ̀rí rí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó, ẹ ó sì rí ibi tí ilé wà nínú ètò náà.

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Walter Elliot láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ ilẹ̀ wa mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Alàgbà I. O. Ransome-Kuti láti Nàìjíríà, Korsah láti Gold Coast (Ghana òde òní), àti Taylor-Cummings láti Sàró. Nígbà tí ìwé wọn jáde ní 1945, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn tó pọ̀ ní kí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Achimota, ọ̀kan ní Fourah Bay. Àwọn tó kéré ní ẹyọ kan ṣoṣo ni owó àti olùkọ́ tó wà lè gbé, kí ó sì jẹ́ ti Ìbàdàn. Arthur Creech Jones wà lára àwọn tó kéré yìí, kò sì pẹ́ tó fi di mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúsìn. Àwọn ará Gold Coast kò gbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ tiwọn, ìdí nìyẹn tí Legon, yunifásítì tiwọn, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948 kan náà. Ẹ kíyè sí i pé Ìbàdàn wà nínú ìwé méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Oṣù karùn-ún 1947 ni wọ́n yan Kenneth Mellanby ní ọ̀gá àgbà. Ìgbà yẹn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Oṣù mẹ́jọ ló fi wá olùkọ́, tó fi tún wọ́ọ̀dù ṣe, tó fi ń bá Yunifásítì London sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1948 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ọmọ tuntun ni wọ́n. Higher College ti Yábàá ni wọ́n ti kó wọn wá, tàwọn ti olùkọ́ wọn, 49 nínú wọn ló sì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àti ti ìwọnlẹ̀. Oṣù kejì ni London gbà láti máa fún wọn ní dígírì. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni wọ́n ṣí i ní gbangba. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ni Creech Jones wá fi ṣọ́bìrì bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ níbi tí ọgbà wà títí di òní. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀gá ti wà, olùkọ́ ti wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gíga jẹ́ ti wà, ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ti wà, ilẹ̀ ti wà, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ pọ́n-ùn láti inú owó ìdàgbàsókè ilẹ̀ àmúsìn sì wà fún ilé kíkọ́. Ilé ló kẹ́yìn. Ẹ bi àwọn ará ìlú yín wò: nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, mélòó lẹ ní?

———

ỌmọÒkèÀdó:

Ẹ ṣeun, Àgbà. Ọgbà girama nìkan ló wà lọ́wọ́. Ilẹ̀ náà, wọ́n ṣì ń bá àwọn ẹbí sọ ọ́. Ti 1948 àti 1962 ńkọ́?

———

OníLáíbìrì:

Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì. Ó ń kọ́ni, ó ń ṣe ìwádìí, kò lè fúnni ní dígírì tirẹ̀. Dígírì London ni Achebe àti gbogbo àwọn ìgbà yẹn gbà. Òpin ọdún 1962 ló di yunifásítì tó dá dúró, pẹ̀lú òfin tirẹ̀ àti àṣẹ láti fúnni ní dígírì. Kenneth Dike, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà láti 1960, ló di gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì fi Tafawa Balewa jẹ Chancellor ní 1963. Kò sí ìjà níbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti 1948, àṣẹ dígírì jẹ́ ti 1962. Ẹni tó ní kò sí yunifásítì ní Ìbàdàn kí ó tó di 1962, kí ó sọ ibi tí àwọn dókítà tó jáde ní 1960 ti jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni bí àjọṣe London yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í kàn fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti London. Olùkọ́ Ìbàdàn ló máa kọ ìlànà ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè, olùdánwò tí London yàn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á jọ fẹnu kò. Nítorí náà, ewéko ilẹ̀ wa ni akẹ́kọ̀ọ́ bótánì fi ń kọ́ṣẹ́, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ jíọ́gíráfì ń ka ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn ìdánwò, àwọn méjèèjì ló ní ohùn lórí máàkì. Ìdí tí ìwé ẹ̀rí Ìbàdàn fi níyì kíákíá nìyẹn. Ti Yábàá kò rí bẹ́ẹ̀. Dípúlómà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, inú Nàìjíríà nìkan ló ti níye lórí, ohun tó sì bí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà nínú nìyẹn.

———

ÌfẹOòdáyé:

Ẹ má fi oyin ra London fún wa. Àjọṣe yẹn so ọwọ́ wọn. Èdè Látìn àti Gíríìkì ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kò sí, ẹ̀kọ́ òfin kò sí. Orílẹ̀-èdè tó ń wá ẹni tí yóò ṣe afárá àti títì, kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ló ní láti dá sílẹ̀ fún ìyẹn, Nigerian College, tó ní ẹ̀ka ní Zaria, Ìbàdàn àti Enugu. Ẹ̀kọ́ òfin kò dé Ìbàdàn títí di àwọn ọdún 1980. Iye tí wọ́n ń gbà wọlé náà kò tó nǹkan. Nígbà tí òmìnira dé, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀, fún orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí! Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ní àwọn fẹ́ tàwọn. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wo ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, kò dá a lábàá ní 1960 pé kí Ìwọ̀-Oòrùn ní yunifásítì mìíràn. Sanya Onabamiro, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ló kọ̀wé lọ́tọ̀ pé kò tọ́. Òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ tiwa sílẹ̀ jáde ní 1961, a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1962.

Ẹ̀yin ará ìlú ỌmọÒkèÀdó, àpẹẹrẹ tiwa ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ibùdó àyálò ni Ifẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn la wà fún ọdún mẹ́rin àti díẹ̀, oṣù kìíní 1967 la kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 péré la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó lónìí.

———

ÀgbàAkọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n Ifẹ̀, ẹ ti fi ẹnu ara yín ran ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́. Ọgbà tí ẹ yá ní 1962, ta ló ni ín? Ẹ̀ka Nigerian College ti Ìbàdàn ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni tẹ́lẹ̀: yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, hóòlù wà, olùkọ́ ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ nípa oògùn ti ń lọ níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Zaria jogún tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, Nsukka jogún ti Enugu. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì tí wọ́n kọ́ fún ọmọ ọdún méjìlá.

Ilọrin náà, ibùdó ìgbà díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló kọ́kọ́ gbà ní 1976. Ṣùgbọ́n abẹ́ Ìbàdàn ló wà gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, 1977 ló tó dá dúró. Jos náà, ẹ̀ka Ìbàdàn ni láti 1971 títí di 1975. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù nìyẹn, kí yunifásítì àgbà gbé tuntun pọ̀n fún ọdún mélòó kan. Sẹ́nétì ìyá, ìgbìmọ̀ àgbà rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, ló ń fọwọ́ sí máàkì, olùkọ́ ìyá ló ń wá kọ́ni, títí ọmọ yóò fi dàgbà. A ti pa á tì báyìí. Nígbà tí ìjọba dá mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2011, Oyè-Èkìtì wà lára wọn, oníkálukú dá dúró láti ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú gíwá tirẹ̀ àti ìṣúná owó tó tẹ́ẹ́rẹ́.

———

AyàwòránIlé:

Ẹ ti sọ pé ilé ló kẹ́yìn. Ó kẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti London, ni wọ́n fún níṣẹ́, wọ́n sì ronú nípa afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó ronú nípa ẹwà. Ẹ lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè nínú hóòlù Mellanby tàbí Tedder, kí ẹ wò ó. Fífẹ̀ ilé kò ju yàrá kan lọ. Ilẹ̀kùn wà lápá kan, fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá kejì, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Ojú ilé kọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, etí rẹ̀ tín-ín-rín ló kọ sí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ògiri oníhò tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ń gba atẹ́gùn wọlé, ó ń dá òjò àti oòrùn dúró. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ìṣirò wọn rárá, nítorí náà ilé náà kò nílò iná kí ó tó tutù.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń bàjẹ́. Yàrá tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì, ẹni mẹ́rin, mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ilé ìdáná, èéfín sítóòfù kerosíìnì á dí ojú ihò kọnkéré, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n á fi pákó tàbí ọ̀rá bo ihò kí olè má baà wọlé, atẹ́gùn dúró nìyẹn. Lápá ọ́fíìsì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n á fi bíríkì dí ihò kí tútù má baà jáde. Tí iná bá lọ, yàrá yẹn á gbóná ju ilé lásán lọ. Páìpù omi tí wọ́n fi sin ènìyàn díẹ̀ ló ń sin ìlọ́po mẹ́ta. Omi kò lè gun òkè kẹta mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi kẹ́ẹ̀gì pọn ọ́n, omi á máa kán sórí àtẹ̀gùn, irin inú kọnkéré á dípẹtà.

Ifẹ̀ ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, ó sì dára gan-an. Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì mú kí ilé ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti èdè máa fẹ̀ sí i bí ó ti ń gòkè, kí òkè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú méjèèjì ni pé wọ́n ya àwòrán gbogbo ọgbà lódindi kí wọ́n tó mọ bíríkì kan. Àwọn tuntun ń kọ́lé bí owó TETFund, àpò ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣe ń jábọ́, ilé kan ní ọdún yìí, òmíràn ní èkejì. Tí ẹ bá wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, gọ́tà ilé kan á máa da omi sí ìpìlẹ̀ èkejì.

———

Nọ́ọ̀sìOrítamẹ́fà:

Ẹ ti gbàgbé apá tó le jù: ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ibẹ̀ ni ilé àyálò ti já Ìbàdàn kulẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti 1948, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n sì rò pé wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́. Àwọn tó wá wò ó láti London ní kò tó: bẹ́ẹ̀dì kéré, láàbù kò pé, olùkọ́ tó mọ oríṣiríṣi àrùn kò sí tó. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí apá ìwé kíkà lọ parí apá wọ́ọ̀dù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tó dá UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, sílẹ̀ jáde ní 1952, ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì 500. 1960 ni àwọn dókítà tó kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn nílé tó jáde. Ọdún méjìlá gbáko láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, tí ìlú yín bá ń béèrè fún yunifásítì tó ní ìṣègùn, ẹ má jẹ́ kí òṣèlú fi ẹnu dùn yín. Ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, MDCN, máa wá ka bẹ́ẹ̀dì àti olùkọ́ kí ó tó sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lè gbà. Bí ẹ bá gbà ju iye yẹn lọ, àwọn ọmọ á ka ọdún mẹ́fà tán, orúkọ wọn kò ní sí nínú ìwé. Àwọn òbí ló máa ń sunkún níkẹyìn.

———

Mọ̀lẹ́bíOnílẹ̀:

Èmi fẹ́ sọ ti ilẹ̀, nítorí ẹ kàn ń fò ó kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé Ìbàdàn "fún" wọn nílẹ̀. Yíyá ni wọ́n yá a fún wọn, àwọn ìjòyè àti ará Ìbàdàn, fún ọdún 999, ó lé ní hẹ́kítà 1,032. Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ló kó kúrò. Ẹni tó bá ń lọ dá yunifásítì sílẹ̀ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ tí ọba bá fọwọ́ síwèé. Ọmọ ẹni tó fọwọ́ sí i á dàgbà, á ní wọn kò fún bàbá òun ní nǹkan kan.

Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún olórí ẹbí, kò dé ọwọ́ ẹni tó gbin kòkó. Sọ̀fíyọ̀ ri ọ̀pá ààlà, kò sẹ́ni tó tún lọ wò ó fún ogún ọdún, igbó bò ó, ẹnì kan fà á tu. Ìkẹta ló wọ́pọ̀ jù: yunifásítì gba ilẹ̀ tó pọ̀, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló lò, kò ṣe ọgbà yí ìyókù ká. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò lẹ́bàá ìlú tó ń dàgbà, wọ́n á kọ́lé sí i. Ẹ wo bí ilé ṣe yí ẹ̀yìn ọgbà Ìbàdàn ká láti Àgbọ̀wọ́ dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ní 1948, odindi igbó ni.

———

ÌfẹOòdáyé:

Ẹ̀yin Ìbàdàn, mo gbà fún yín lórí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìdásílẹ̀ rere ló ń dáàbò bo yunifásítì títí ayé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí omi kò fi sí ní hóòlù tí AyàwòránIlé ń yìn? Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wa ní Nàìjíríà. Bíbọ́ ohun tí a bí ni.

———

ÀgbàAkọ̀wé:

Ìyẹn gan-an ló yẹ kí a jókòó lé lórí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1975 sí 1984. Owó epo dé. Ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo yunifásítì tó jẹ́ ti ẹkùn, Ifẹ̀, Zaria, Nsukka, Benin, ó sì fi tuntun kún un. Ó fagi lé owó ilé ìwé ní yunifásítì ní 1977. Oúnjẹ wà ní ilé ìjẹun hóòlù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lówó pọ́ọ́kú. Kí ọdún tó yí po, owó epo já. Ní 1978 wọ́n fẹ́ gbé owó oúnjẹ láti náírà kan àtààbọ̀ lóòjọ́ sí náírà méjì, àti ti yàrá láti 30 náírà sí 90. "Ali Must Go", ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lòdì sí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́, bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọnù. Ní 1984 wọ́n yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ pátápátá.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, lójú tèmi, ni pé iye akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sókè nígbà tí owó tó wà fún orí kọ̀ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, ìjọba sì ni kò gbà kí yunifásítì fúnra rẹ̀ wá owó. Àwọn olùdásílẹ̀ Ìbàdàn kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ ju iye tí ibùgbé tó wà lè gbà, ìdí nìyẹn tí iye wọn fi kéré. ÌfẹOòdáyé bínú sí kíkéré yẹn, ó sì tọ́ kí ó bínú. Ṣùgbọ́n a ti fò láti orí àṣìṣe kan sórí èkejì. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú àárín rẹ̀, pé kí a fi ọdún mẹ́wàá mú iye akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, àga láàbù àti olùkọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

———

OníLáíbìrì:

Kí a padà sí ìbéèrè ọmọ ìyá wa, nítorí a ti rìn jìnnà. Ẹnì kankan nínú wa kò tíì dárúkọ láíbìrì, ohun tí ó sì gbé Ìbàdàn dúró ní Ẹlẹ́yẹlé nìyẹn. Láti 1948 ni John Harris, ọ̀gá láíbìrì, ti wà níbẹ̀ tó ń kó ìwé jọ. Ìjọba ra àwọn ìwé Henry Carr, àgbà ọ̀mọ̀wé ará Èkó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ó kó wọn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 1950, òfin sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn, ìwé àdúrà, ìwé pélébé ọjà Onítṣà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí ìtàn ilẹ̀ wa kò lè má débẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nínú wọ́ọ̀dù àyálò nìyẹn, kò sì gba ilé tuntun lọ́wọ́ wọn.

Lónìí, ẹ wo bí ó ṣe ń lọ nígbà tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, bá ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀kọ́ wò. Wọ́n á yá ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n á lẹ àmì tuntun mọ́ ọn, wọ́n á kó o sórí pẹpẹ. Wọ́n á yá ẹ̀rọ láàbù. Wọ́n á kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn sí ara ilẹ̀kùn. Tí ẹ̀kọ́ náà bá gba ìfọwọ́sí kíkún, ọdún márùn-ún ni kí wọ́n tó padà wá; tí ó bá jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, ọdún méjì. Láàárín ọdún yẹn, ìwé ti padà sílé oníwèé. Ẹni tó bá yá ilé kí ó sọ pé ilé lòun yá. Èyí tí wọ́n ń yá ìwé àti olùkọ́ yìí ló ń pa ọmọ ènìyàn lára.

———

ỌmọÒkèÀdó:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá. Ó ti yé mi pé kì í ṣe ilé ni ìjà. Kí ni kí n wá sọ fún wọn ní ìpàdé, lọ́rọ̀ tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́?

———

ÀgbàAkọ̀wé:

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ dá dídá ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun tirẹ̀ dúró fún ọdún méje. Nítorí náà, kíkùn ọ̀dà sí kíláàsì báyìí, owó ẹgbẹ́ ni ẹ ń fi ṣòfò. Ẹ lo àkókò yẹn fún ilẹ̀. NUC ń béèrè hẹ́kítà 100 ó kéré tán lọ́wọ́ aládàáni tó bá fẹ́ dá yunifásítì sílẹ̀. Ti ìjọba sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ún, kí ó ri ọ̀pá ààlà lójú gbogbo ẹbí tọ́rọ̀ kàn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní irè oko níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kòkó mélòó, ọ̀pẹ mélòó, kí oníkálukú fọwọ́ sí tirẹ̀. Kí owó gba-má-bínú máa lọ tààrà sí ọwọ́ ẹni tó gbìn ín.

Lẹ́yìn náà, omi. Ẹ wá odò tí kì í gbẹ ní oṣù kejì àti ìkẹta, tí a lè dí. Ìbàdàn dí odò Awba nínú ọgbà, Ifẹ̀ dí Ọ̀pá. Ọgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé kò lè fi bóhòòlù nìkan ṣe é. Tí ẹ bá sì dí odò, kí ẹ má kọ́ ohunkóhun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: omíyalé oṣù kẹjọ 2011 kó oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn lọ.

Ìkẹta, ẹ wá yunifásítì àgbà kan nítòsí tí yóò gbà kí ọgbà yín jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àpẹẹrẹ, níbi tí oko wà nílẹ̀. Fún ìyẹn, ilé girama tí ẹ ní tó.

———

AyàwòránIlé:

Kí n fi kan kún ti Àgbà. Tí sọ̀fíyọ̀ bá ń wọn ilẹ̀, kí ó ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ náà sínú máàpù, ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, kí ó sì jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án tí òjò wà, kí ẹ fi ojú ara yín rí ibi tí omi ń gbà. Iye tí yóò gbà lé e kò pọ̀ tí ó bá ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Láìsí máàpù yẹn, kò sí ayàwòrán tó lè sọ ibi tí gọ́tà yóò gbà fún yín.

———

ỌmọÒkèÀdó:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé, ọ̀rọ̀ sọ̀fíyọ̀ ni mo máa fi ṣíwájú. Mọ̀lẹ́bíOnílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orúkọ àwọn obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ wọn náà máa wọ inú ìwé yẹn?

———

Mọ̀lẹ́bíOnílẹ̀:

Ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Owó ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, owó irè oko jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ẹ ya ìwé méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ má kọ wọ́n sójú kan náà, kí ẹ sì fún oníkálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí i.